Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Di Ará Kíláàsì Kan

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó bá ń wọ kíláàsì lójoojúmọ́ kì í sábà mọ iye iṣẹ́ tí ògiri mẹ́rin àti bẹ́ǹṣì gbọọrọ ń bá a ṣe. Kí olùkọ́ tó ṣí ìwé rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kí ara wọn, ọ̀kan ti yá èkejì ní bírò, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ti gbé ojú rẹ̀ wálé, àyè ẹni tí kò wá sì ti ṣófo kedere lójú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ kí nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀. Jíjókòó pọ̀ sí ojú kan ni ó ń bí wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé àti ohùn olùkọ́ nìkan ni ó máa ń bá wa dé ibẹ̀. Gbogbo ìyókù ni a fi sílẹ̀ nínú iyàrá. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí olùkọ́ ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí iyàrá ti ń bá a ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè má baà dàbí èrò inú ọkọ̀ kan náà tí ẹnìkan kò mọ orúkọ ẹnì kejì.

Zone 4 ní Abidjan ni mo ń gbé. Láti ibẹ̀ ni mo sì ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà kan, lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, ní ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní kíkà àti kíkọ èdè Yorùbá. Ẹni tí kò bá mọ Abidjan lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò kúkú jókòó sí ojú kan? Zone 4 wà nínú Marcory, ní gúúsù ìlú náà, lẹ́bàá òpópónà ńlá tí ó lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní VGE. Ilé-iṣẹ́, ọ́fíìsì, ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà ni ó kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ilé wọn jìnnà: wọ́n ń wọ gbaka láti Abobo tàbí Yopougon, wọ́n ń kọjá lórí afárá, wọ́n sì ń jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní agogo mẹ́fà kò lè dé kíláàsì kankan kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Yàtọ̀ sí èyí, ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò sí ní Abidjan rárá. Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìníṣà ni wọ́n wà. Gbogbo ẹni tí ó mọ ọ̀nà Èjìgbò sí Abidjan mọ̀ pé ìlú méjèèjì ti di ilé kan náà láti ayé àwọn bàbá wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé èdè Faransé nìkan ni ó lè kà. Ìdí nìyí tí a fi ń wá olùkọ́ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ́ kíláàsì yìí, ènìyàn 22 ni ó forúkọ sílẹ̀. Mo ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, mo ń gba iṣẹ́ àṣetiléwá ní ọjọ́ Ẹtì, mo sì ń fún oníkálukú ní máàkì. Mo rò pé mo ń ṣe dáadáa. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ènìyàn 9 ni ó kù. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Treichville wà lára àwọn tí ó dákẹ́, èmi sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ọ̀lẹ ni. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo bá a pàdé níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, tíṣà,” ni ó wí.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. A kò rí yín mọ́ ní kíláàsì.”

“Ọmọ mi ni ó ṣàìsàn. Ọjọ́ mẹ́jọ ni a lò ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo padà, mo rí i pé ẹ ti dé ẹ̀kọ́ karùn-ún, kò sì sí ẹni tí ó béèrè mi. Mo wá wí fún ara mi pé, bóyá wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Bí ó bá jẹ́ pé inú iyàrá ni a wà, àyè rẹ̀ tí ó ṣófo ni ìbá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Lórí fóònù, kò sí àyè tí ó ṣófo. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ bí ó ti wà ní ọjọ́ kìíní, mo sì rò pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ wà, ènìyàn wà.

Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, Nàìjíríà ni ó sì wà tí ó fi dá kàwé gbà á. Ṣùgbọ́n irú ọkàn líle bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, kò sì tọ́ kí a to ètò ẹ̀kọ́ bí ẹni pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni Awólọ́wọ̀. Àwọn tí ó dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1976 mọ èyí. Bí wọ́n ti ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ ní ilé wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè wọ́n jọ sí ibùdó ẹ̀kọ́, kí wọ́n lè rí ojú olùkọ́ àti ojú ara wọn. Nígbà tí wọ́n tún jí National Open University of Nigeria dìde ní 2002, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti pa á tì ní 1984, ibùdó ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀.

Ní Côte d'Ivoire tí mo wà yìí, àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Ní 1971, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bouaké ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀kọ́ náà, àjọ UNESCO, ilẹ̀ Faransé àti àwọn mìíràn sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Olùkọ́ kan tí ojú rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ń bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá sì ni ó gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ni kò fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1982, wọ́n dá a dúró. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ pọ̀, owó wà nínú rẹ̀, ìṣèlú wà nínú rẹ̀. N kò ní í sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ohun tí ó jọ mí lójú ni ẹ̀ka kan nínú ètò náà tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbàlagbà ní ìletò, tí wọ́n pè ní Télé pour tous. Ní alẹ́, àwọn ará ìletò ń péjọ sí iyàrá kíláàsì níwájú tẹlifíṣọ̀n ilé-ìwé. Olùkọ́ ìletò náà ni ó ń darí wọn: ó ń túmọ̀ èdè Faransé sí èdè wọn, bí ètò bá sì parí, ó ń béèrè ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n rò. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, apá kejì yìí ni ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ó sì yẹ kí a rántí rẹ̀ ní ìsinsìnyí tí Abidjan ti ní yunifásítì tí ó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Université Virtuelle de Côte d'Ivoire, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, àti lẹ́yìn ọdún 2020 tí àrùn COVID-19 ti ilé-ìwé pa, tí tẹlifíṣọ̀n tún di olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Michael Moore, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹ̀kọ́ láti òkèèrè, kọ́ni pé jíjìnnà tí ó wà láàrin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ti máìlì. Àìgbọ́ra-ẹni-yé ni, bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bá sì ti ń pọ̀ sí i ni jíjìnnà náà ń dínkù. Ní 2000, àwọn olùkọ́ mẹ́ta ní Kánádà, Garrison, Anderson àti Archer, sọ pé wíwà mẹ́ta ni kíláàsì orí ẹ̀rọ nílò: kí ìrònú wà níbẹ̀, kí olùkọ́ wà níbẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà níbẹ̀ fún ara wọn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn gidi. Mo rò pé èmi ti pèsè méjì àkọ́kọ́ ní kíláàsì mi. Ẹ̀kẹta ni n kò tilẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni.

Nígbà tí mo tún kó kíláàsì mìíràn jọ, n kò fi ẹ̀kọ́ kankan ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Mo ní kí oníkálukú gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ibi tí ó ń jókòó sí kàwé, kí ó sì sọ oríkì tí wọ́n fi ń pè é ní ilé. N kò mọ̀ pé oríkì yìí ni yóò ṣiṣẹ́ jù. Àwọn tí wọ́n bí sí Abidjan kò mọ tiwọn; wọ́n ní láti lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá tàbí ìyá àgbà. Àwọn mìíràn gba ohùn ìyá àgbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà ni a ti ní Àjàní, Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́ ní kíláàsì, kì í tún ṣe nọ́ńbà fóònù lásán. Nígbà tí a bá sì fi oríkì pe ènìyàn nínú èsì iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé òun ni a ń bá wí, pé a kò fi èsì kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.

Mímọ̀ra-ẹni yìí ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe pàtàkì láàrin àwa Yorùbá. Ní kíláàsì àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Koumassi kọ̀wé sí obìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé, “O kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ.” Obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ tí ó bí kẹ́yìn sì ju ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ. Èsì tí ó fọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: “Ta ni ìwọ ń bá sọ̀rọ̀?” Kò tún kọ ohunkóhun mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú iyàrá, ọmọ náà ìbá ti rí ewú orí rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Ìwé orí fóònù kò ní ewú. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó pe obìnrin náà fúnra rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí mi. N kò mọ̀ pé àgbà ni yín.”

“Kò burú, ọmọ mi. Àmì wo ni mo tilẹ̀ gbàgbé?”

Láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì ti mọ̀ bóyá “o” ni yóò kọ tàbí “ẹ.” Àwọn ọ̀dọ́ kò sì bẹ̀rù mọ́ láti tọ́ka sí àṣìṣe àgbà, nítorí a fohùn ṣọ̀kan pé ìbéèrè ni wọn yóò fi ṣe é: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé báyìí ni ẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rí?”

Yíyẹ iṣẹ́ ara ẹni wò yìí, inú àáró ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn àgbẹ̀ wa ṣe ń ṣe é: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, ẹni tí ó bá sì sá fún oko ẹlòmíràn mọ̀ pé oko tòun náà ń bọ̀. Mo pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, mo sì rí i dájú pé ará Abidjan àti ará Nàìjíríà wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tí ó ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀ má baà di agbo kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan yóò gbé ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ ọmọdé síwájú àwọn mẹ́rin yòókù, oníkálukú wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè kan kí èmi tó kà á. Ará Abidjan mọ ohun tí ó ń yọ ọmọ elédè Faransé lẹ́nu nínú “ṣ” àti “gb”. Ará Èjìgbò mọ ọ̀rọ̀ tí ará Abidjan ti gbàgbé. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn ní tòótọ́, n kò sì ní láti wàásù ìrẹ́pọ̀ fún wọn. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: bí ẹnì kan bá dákẹ́, ènìyàn mẹ́rin ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kí ó tó kàn mí.

Ní ti dídákẹ́ yìí, òfin wa kúrú. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí a kò gbọ́ ohùn ẹnì kan, ẹnì kan nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ yóò pè é. Kò gbọdọ̀ béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá. “Ṣé àlàáfíà ni?” ni yóò wí. Bí a bá kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́, ìtìjú yóò mú ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn, yóò sì tún sá sẹ́yìn sí i.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí mo fẹ́ mẹ́nu kàn. Agogo Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Abidjan. Ní ìpàdé wa àkọ́kọ́, àwọn ará Abidjan bá ìparí ìpàdé, àwọn kan sì rò pé a fojú di wọ́n. Nísinsìnyí, agogo méjèèjì ni mo ń kọ: 8 alẹ́ ní Zone 4, 9 alẹ́ ní Èjìgbò. Mo ń ṣí ìpàdé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, fún ìkíni nìkan. Ẹni tí ó ti ọ̀nà dé ni a ń kí kú ìrìn, ẹni tí ó ti ọjà dé ni a ń kí kú ọjà. Èdè wa ní ìkíni tó bẹ́ẹ̀ tí yóò jẹ́ ẹ̀gàn bí a kò bá lò wọ́n. N kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti ṣí kámẹ́rà. Dátà wọ́n, ẹlòmíràn sì wà nínú iyàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí ó ti sùn, kò sì fẹ́ kí ènìyàn rí ibi tí ó ń gbé.

Ariwo inú WhatsApp fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kan ń fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́, ẹnì kejì ń polówó ata gbígbẹ, ẹ̀kọ́ mi sì wà láàrin wọn tí ẹnìkan kò rí i. Mo kọ́kọ́ fòfin de gbogbo rẹ̀, kíláàsì sì tutù bí omi inú àmù. Lẹ́yìn náà ni a dá ojúlé kejì sílẹ̀, a pè é ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀kọ́ kì í wọ Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ata gbígbẹ kì í sì í wọ kíláàsì. Mo jẹ́wọ́ pé èmi gan-an ti ra ata níbẹ̀.

Kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sì mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ń gba àkókò. Bí mo bá fi ohùn dá ènìyàn 24 lóhùn ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, wákàtí méjì ni mo ti lò. Nítorí náà, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo yà sọ́tọ̀ fún èsì, mo sì sọ fún wọn ní ọjọ́ kìíní, kí ẹni tí ó bá kọ̀wé ní agogo méjìlá òru má ṣe rò pé mo kọ̀ láti dá òun lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìrẹ́pọ̀ kò lè ra dátà fún ẹni tí kò ní owó. Nínú àwọn 24 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà kejì yìí, 19 ni ó parí. Mo mọ ohun tí ó mú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yòókù lọ, nítorí gbogbo wọn ni ó sọ fún ọ̀wọ́ wọn kí wọ́n tó lọ.

Ìyá aláṣọ ti Treichville wà lára àwọn 19 náà. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ pé kí ó padà wá, ó sì gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà mú mi, n kò sì fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Kí oòrùn tó dé àtàrí, fóònù mi dún.

“Tíṣà,” ni ó wí, “ṣé àlàáfíà ni?”